Áàfáà Tó Ń Rẹ Ojú Nílẹ̀

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin kọjá lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú kí ẹ tó rí ilé Áàfáà Abdulmumini. Àwọn ọmọ náà a máa ké bí ẹni tó fẹ́ ṣí òrùlé. Áàfáà á jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀, á dijú, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè láàárín ogójì ọmọ, bàbá á gbé ọwọ́ sókè.

"Padà. O ti fo ibì kan."

Kò ní wo wàláà ọmọ náà. Kí ló fẹ́ wò ó ṣe? Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àlùkùránì ti wà lórí rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá tiẹ̀ gbé e ka iwájú, tó ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣà lásán ni. Ọkàn ló ń kà á, kì í ṣe ojú. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá Nabeelah, tó ń ta ọkà àti ẹ̀wà ní Ìpàtà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Áàfáà, ló kọ́kọ́ tú ìròyìn náà síta. Ó kí Áàfáà lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, Áàfáà ò wo apá ibi tó wà. Ẹlòmíì á ní ìgbéraga ni. Ìyá Nabeelah ní rárá.

"Wàláì, Áàfáà ti kúrò lẹ́ni tó ń wo obìnrin. Ó ń rẹ ojú nílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe pàṣẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin àdúgbò, ṣé ẹ rí àwòkọ́ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ta kálẹ̀. Nígbà tí Áàfáà fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn mọ́sálásí, wọ́n ní ọ̀run ló ń rò. Nígbà tó ta bútà ẹni ẹlẹ́ni dànù níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, wọ́n ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló gbà á lọ́kàn. Bó bá tẹ bàtà mọ́lẹ̀, oní-bàtà á ní kó bá òun fi àdúrà sí i. Gbogbo rẹ̀ dé etí Áàfáà, ó sì dùn mọ́ ọn. Èèyàn ni, kì í ṣe màlékà. Ta ni wọ́n máa sọ fún pé ó ń di wàlíì Ọlọ́hun, tí yóò dáhùn pé rárá, ó jọ pé n ò ríran mọ́?

Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jẹ́ ẹni tí kì í wo ayé tó yìí, ohun kan wà láyé tó ń wù ú wò.

Rahama ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin náà ò fẹ́ràn kí wọ́n ya òun ní fọ́tò láyé rẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó kù nínú ilé. Rahama léjí. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ jìn, ojú á wá tàn, èjí á yọ kẹ́yìn. Gbogbo ojú ló fi ń rín ẹ̀rín náà. Ibì kan ṣoṣo ni ẹ̀rín yẹn kù sí láyé, ojú Zahrah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Zahrah sì ti wà ní Mísírà, níbi tó ti ń kàwé, láti ọdún márùn-ún.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Zahrah máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù aláwòrán. Ojú ọmọ náà nínú fóònù ò tó àtẹ́lẹwọ́. Áàfáà á nà án síwájú, á rí i tán, á rí èjí, á rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn. Ọkàn rẹ̀ á fà, á wá yí orí sẹ́yìn díẹ̀ kí ọmọ má baà rí omi lójú òun.

Jímọ̀ kan ni Zahrah sọ fún un.

"Bàbá, mo ti parí. Tí a bá ti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, mò ń bọ̀ nílé."

"Má fi mí ṣeré o, Zahrah."

"Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Bàbá."

"Alhamdulillah. Alhamdulillah." Ó wí i títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo ẹ̀rín náà títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já a.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò wọlé fún Áàfáà dáadáa mọ́. Ó ń ka ọjọ́ bí ọmọ tó ń retí iléyá. Kò tún sí ohun tó ń wá lọ́wọ́ Ọlọ́hun ju pé kí òun jókòó ti ọmọ yìí, kí òun wo ojú rẹ̀ tẹ́rùn, kí òun wo ti Rahama mọ́ ọn.

Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé, ó lọ sí Ìpàtà lọ ra iṣu tí yóò fi dúró de ọmọ. Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín àwọn oníṣu, ló bá ki ẹsẹ̀ bọ inú àtẹ ẹ̀wà obìnrin kan tó pàtẹ sílẹ̀ lápá òsì rẹ̀. Ẹ̀wà fọ́n ká. Obìnrin náà kì í ṣe ará àdúgbò, kò mọ̀ pé wàlíì ló tẹ òun lẹ́wà.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Áàfáà lára. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a ṣa ẹ̀wà. Bó ṣe ń jáde lọ́jà, ó bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn tí wọ́n ń kán sójú, oògùn kan fún gbogbo àìsàn ojú. Ó rà á. Ó ń kán an láàárọ̀ lálẹ́. Ojú rẹ̀ tutù, pípọ́n tó máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rò pé ó ti bùṣe.

Ọjọ́ dé. Láti ààrọ̀ ni Ìyá Nabeelah àti àwọn obìnrin àdúgbò ti kún inú ilé, wọ́n ń gún iyán, wọ́n ń pariwo. Áàfáà wọ agbádá funfun tó wọ̀ lọ́dún, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ojú títì níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwà máa gbà wá.

Kẹ̀kẹ́ náà gba apá kejì yọ. Zahrah sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá kúnlẹ̀ lápá òsì bàbá rẹ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Áàfáà gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Ó gbéra, ó bọ́ síwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, agbádá rẹ̀ tiẹ̀ kàn án léjìká, ó sì ń lọ.

Ìyá Nabeelah bú sẹ́rìn-ín. "Áàfáà! Ó rò pé obìnrin àjèjì ni! Èyí kọ́ lẹni tí ẹ ń rẹ ojú nílẹ̀ fún o, ọmọ yín ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Zahrah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ṣé torí mo pẹ́ jù ni?"

Áàfáà yí gbogbo ara padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ọmọ náà mú. Ó wá ojú rẹ̀. Ó rí ẹnu, ó rí èjí. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó rí ẹyinjú kan, èjí sì lọ. Ó wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó rí i, ẹyinjú sì lọ. Ọdún márùn-ún ló fi retí ojú yìí, ojú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kò rí i kó jọ. Ó bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ní ẹkún ayọ̀ ni.

Nígbà tí àlejò túká, Zahrah fa àga síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo imú mi. Ẹ má wo ibòmíì. Ìka mélòó ni mo nà?"

"Ìka wo?"

"Ọwọ́ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín láti ìgbà tí mo ti jókòó."

"Mò ń rẹ ojú nílẹ̀ ni," ni Áàfáà wí.

"Fún èmi, Bàbá?"

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, àwọn méjèèjì ti wà nílé ìwòsàn ojú.

Nọ́ọ̀sì Fèyísọ́lá ló gbà wọ́n. Ọmọ Èkìtì ni, onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìlọrin débi pé "sàláámù àlékúmù" ló ń yára dé ẹnu rẹ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó fi Áàfáà síwájú ẹ̀rọ kan, ó bo ojú rẹ̀ kan, ó fi ohun kékeré kan sí i lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá ti rí iná tó tàn wàì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi yòówù kó ti tàn."

Áàfáà jókòó jẹ́ẹ́. Zahrah dúró lẹ́yìn, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ náà ń tẹ nǹkan ọ̀hún. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀rọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Bàbá," ni Nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Dókítà wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, wọ́n wọn bí omi inú ojú rẹ̀ ṣe le tó. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì fà wọ́n sí kọ̀rọ̀.

"Áàfáà, àìsàn tí wọ́n ń pè ní gùlókómà ni. Kì í dunni, kì í yúnni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran, á wá máa sún bọ̀ láàárín."

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, báwo ló ṣe máa jẹ mí lójú, tí mi ò ní mọ̀?"

"Nígbà tí ẹ bá ṣí Kùránì, ṣé ojú lẹ fi ń kà á?"

"Orí mi ló wà."

"Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ibi tí ojú ò bá rí mọ́, á fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí i. Ẹ ò ní rí dúdú kankan, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ṣé ẹnì kan tún wà nínú ẹbí yín tí ojú rẹ̀ fọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Àbdùlkàrímù, ní Òkè-Oyì. Wọ́n ní oòrùn oko ló fọ́ ọ lójú."

"Ó jọ pé kì í ṣe oòrùn." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é. Awọ tínrín kan wà lẹ́yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì na ìrù gígùn kan láti ojú lọ dé ọpọlọ. Ìrù yìí ló ń gbé ohun tí ẹ rí lọ. Ó tínrín ju irun orí lọ fíìfíì. Kí ló wá gbé e ró tí kò fi wó? Àwọn fọ́nrán purotéènì ni, wọ́n wà nínú rẹ̀ bí òpó àti ìtì ṣe wà nínú ilé. Orí àwọn fọ́nrán náà sì ni oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ń gbà kọjá, láti ìdí dé orí."

"Mò ń gbọ́."

"Omi kan wà nínú ojú, kì í ṣe omijé. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde dáadáa, á máa le sí i, á máa tẹ iṣan níbi tó ti ń fi ojú sílẹ̀. Àwọn fọ́nrán yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wó, wọ́n á tú. Oúnjẹ ò ní kọjá mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á kú, ibi tó ń bá yín wò á sì kú pẹ̀lú rẹ̀."

Áàfáà mi orí. "Ikán."

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Ilé bàbá mi ní Òkè-Oyì. Ọdọọdún là ń fi ẹfun kùn ún, ògiri á funfun báláú, gbogbo èèyàn á máa yìn wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ikán ti jẹ òpó àti ìtì tán nínú, àfi ọjọ́ tí àjà já." Ó fọwọ́ pa ojú. "Wọ́n ń yìn mí, ìyìn náà sì ń dùn mọ́ mi. Ọlọ́hun á foríjì mí."

"Ilé sàn jù ú lọ, Bàbá. Ẹ lè ra ìtì míì. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú níbẹ̀ yẹn, a ò tíì mọ bí a ṣe ń jí i. Ohun tó kù la lè ṣọ́."

Zahrah di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Áàfáà mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Purotéènì lo wí, àbí? Láti òní lọ, ẹ̀wà àti ẹyin ni màá máa jẹ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rín in. "Ẹ jẹ ẹ́, Áàfáà, ó dára fún ara. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe òpó tirẹ̀, ẹ̀wà ò lè gba ọ̀fun dé ibẹ̀ lọ tún un ró. Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo àwọn òpó náà, kí wọ́n má baà wó bí omi tiẹ̀ le. Kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún yín. Ẹni tó bá sọ pé òun ń tà á, ẹ sá fún un. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa lónìí ni ká mú kí omi náà rọ̀, kó yé tẹ òpó."

Áàfáà ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìgò oògùn Ìpàtà jáde. "Èyí ń kọ́?"

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó kà á títí, ojú rẹ̀ le. "Ó ń mú ojú yín tutù, àbí? Irú oògùn tó wà nínú rẹ̀ yìí, bí èèyàn bá ń kán an láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, ó lè mú kí omi inú ojú le sí i. Ẹ má kán an mọ́." Ó fún un ní òmíì tí dókítà kọ. "Ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà. Kò ní dá èyí tó lọ padà. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa kán an bẹ́ẹ̀."

"Màá so ó mọ́ ìrun Ìṣáì. N kì í gbàgbé ìyẹn."

Wọ́n fẹ́ dìde. Nọ́ọ̀sì Fèyísọ́lá ní kí wọ́n dúró.

"Zahrah, ìwọ náà jókòó síbẹ̀."

"Èmi? Mo ríran dáadáa, Àǹtí."

"Ohun tí bàbá ẹ náà wí nìyẹn."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Áàfáà jókòó síta, ó ń fa tẹ̀súbáà, kò sì mọ ibi tó kà á dé. Nígbà tí wọ́n jáde, Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Omi inú ojú rẹ̀ le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ pé, kò tíì sí ohun tó bàjẹ́. Dókítà á máa ṣọ́ ọ. Bàbá, ká ní ẹ ò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lánàá, kò sẹ́ni tó máa mú un wá síbí lónìí."

Ìgbà yẹn ni Áàfáà tó lè dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn kéwú, ó jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀. Zahrah jókòó tì í. Ó tún wá ojú ọmọ náà bó ṣe wá a lánàá, ó rí ẹnu, ó rí imú, ó pa á tì. Zahrah dìde, ó rìn lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá lọ bu omi sínú bútà. Ìyá Nabeelah gba ẹnu ọ̀nà sọ nǹkan kan sí i, ọmọ náà yíjú padà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kọ́kọ́ jìn. Ojú tàn. Èjí yọ.

"Zahrah! Dúró níbẹ̀!"

Ọmọ náà dúró gbagidi. "Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ejò ni?"

"Má sún mọ́ mi. Dúró síbẹ̀ yẹn. Sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i." Ní ọ̀nà jíjìn yẹn, odidi ojú ọmọ rẹ̀ wọ inú ìwọ̀nba tó kù fún un, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wọ inú fóònù. "Ẹ̀rín tó o rín yẹn, tún un rín fún mi."

Zahrah gbìyànjú rẹ̀, omi lójú rẹ̀. Áàfáà wò ó. Ó wo Rahama. Ó wò ó títí tí wọ́n fi pe ìrun, ó sì ń wù ú pé kí ọmọ náà sún mọ́ òun, kò sì lè sọ pé kó sún mọ́ ọn.

Áàfáà ṣì ń kọ́ni ní kéwú lẹ́yìn Ìpàtà. Ní báyìí, ó máa ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bó bá ń rìn, ó sì ń kí Ìyá Nabeelah kí obìnrin náà tó kí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó dìde láàárín èrò, ó sọ òtítọ́ fún wọn: ojú tí wọ́n ní òun ń rẹ̀ nílẹ̀, òun ò fi ríran ni. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Òkè-Oyì fún àyẹ̀wò, àti gbogbo ọmọ tí ẹ̀gbọ́n náà bí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, kí wọ́n wọn omi inú ojú yín, kí wọ́n wo iṣan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má retí kí ó dùn yín kí ẹ tó lọ, torí kì í dunni. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní i, ẹ má dúró di ogójì ọdún rárá, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání. Oògùn ojú tí wọ́n ń tà kiri lọ́jà, ẹ má kán an. Èyí tí dókítà bá kọ, ẹ má dá a dúró torí pé ẹ ò rí ìyàtọ̀. Bí àgbàlagbà kan nínú ilé bá ń gbá ilẹ̀kùn, tó ń ta nǹkan dànù, tí kì í dá yín lóhùn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má yìn ín, ẹ má sì bá a jà. Ẹ mú un lọ yẹ ojú wò.

Àwọn òpó tíntìntín inú iṣan ojú ò ní ariwo nígbà tí wọ́n bá ń wó. Ẹ tètè lọ, kó má baà di ọjọ́ tí ẹni tí ọkàn yín ń fà sí jù máa kọ́kọ́ sún sẹ́yìn kí ẹ tó lè rí i.